Ohùn Tóyìn Nínú Sítọ́ọ̀ Kòkó

Àwọn ọmọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, bàtà dúdú, nínú oòrùn yẹn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa, wọ́n ní àwọn ń wá ibi tí wọ́n ti ṣe àwo orin Kòkó Dúdú. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní èmi ni mo lu dúrọ́ọ̀mù inú ẹ̀. Ni ọ̀kan nínú wọn bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ ń gbóná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ wo lẹ lò?" ló bi mí. "Orin márùn-ún àkọ́kọ́, ó dà bíi pé wọ́n ti sin ẹni tó ń kọrin, ohùn ẹ̀ kú pátápátá. Láti orí ìkẹfà, ó wá dà bíi pé inú ihò àpáta ló ti ń ké. A ti fi kọ̀ǹpútà gbìyànjú ẹ̀ títí, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ," mo ní. "Kòkó ni."

Wọ́n wojú ara wọn. Wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mú wọn lọ sí sítọ́ọ̀ Alhaji Súbérù ní Aládé, ní Ìdànrè níbí. Alhaji máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á kó o jọ síbẹ̀. Àpò kòkó ti kún inú ẹ̀ dé òrùlé, àyè kékeré ló kù láàárín. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn wọlé kó ké. Ó ké. Ohùn náà ò ju iwájú imú ẹ̀ lọ. Ó jáde, ojú ẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n! Orin kìíní rèé!"

"Ẹ padà wá nígbà tí Alhaji bá ta kòkó tán," mo ní. "Ẹ óò gbọ́ orin kẹfà."

Bó ṣe rí nìyẹn. Tí sítọ́ọ̀ bá kún, kòkó á gbé ohùn mì. Tó bá ṣófo, ohùn á máa rìn kiri inú ẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń sọ pé orí Òkè Ìdànrè la gùn lọ, nínú àwọn ilé àtijọ́ tí ẹnì kankan ò gbé mọ́, pé àwọn ará ọ̀run ló ń dá wa lóhùn. Ta ló fẹ́ gbé dúrọ́ọ̀mù gun àtẹ̀gùn yẹn?

Wọ́n bi mí irú èèyàn tí ẹni tó kọrin náà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Olútóyìn lorúkọ ẹ̀. Ó kú ní ìgbà òjò èṣí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́. Àwọn kan ń pe Mùjídàt láti Jos, àwọn kan láti Kenya, àwọn kan láti ibi tí mi ò lè pe orúkọ ẹ̀. Mùjídàt ni ọmọ Alhaji Súbérù, òun ló fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ ká àwo náà sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń pè yìí ló ń sọ pé àwo wa ló mú àwọn dá ẹgbẹ́ olórin tiwọn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń béèrè Tóyìn.

"Tófínmi, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," Mùjídàt ní. "Èmi á máa fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìwọ á lè sinmi."

Jésùtófínmi lorúkọ mi. Mi ò kàwé púpọ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni màá ṣe kọ ọ́.

Bàbá wa, Àjàgbé, kì í ṣe ará Ìdànrè. Apá Ìkirè ni wọ́n ti wá. Wọ́n ń bá olóko kan tọ́jú kòkó lẹ́yìn Aládé. Tí kòkó bá gbẹ, olóko á mú ìdá méjì, Bàbá á mú ìdá kan. Oko yẹn la dàgbà sí. Tóyìn ò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, orúkọ ni mo ń pè é. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ní kó gbàdúrà, àwọn tó wà lẹ́yìn á ti ṣe àmín kó tó dé ìdajì, nítorí wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀bọ ló sọ ọ́ di olórin. Tí kòkó bá pọ́n, ọ̀bọ á wá, wọ́n á já a, wọ́n á lá inú ẹ̀, wọ́n á ju èèpo sílẹ̀. Bàbá gbé agolo fún Tóyìn pé kó máa lù ú. Agolo ò bà wọ́n lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan Tóyìn ju agolo nù, ó la ẹnu. Ohun tó jáde, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Kì í ṣe igbe lásán. Ìsàlẹ̀ ikùn ló ti wá, ó nípọn, ó ń ha, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ igi lórí àpáta. Ọ̀bọ sá. Ìyá kan tó ń kọjá lójú ọ̀nà náà sá, wọ́n fi agbọ̀n ẹ̀fọ́ wọn sílẹ̀.

A gbé agbọ̀n náà lọ fún wọn nílé. Wọn ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn.

"Kí lẹ fi lé ẹranko yẹn lọ?" ni wọ́n bi wá láti inú ilé.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá," Tóyìn ní, pẹ̀lú ohùn ẹ̀ tó kéré. "Èmi ni."

"Irọ́ lò ń pa. Ẹnu tìẹ yìí?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún tí òjò pọ̀ jù. Kòkó dúdú lórí igi. Àrùn ni. Á bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré kan lára kòkó, kó o tó padà débẹ̀ ó ti gba gbogbo ara ẹ̀, inú ẹ̀ ti jẹrà. A fín oògùn, òjò fọ̀ ọ́ lọ. Bàbá já àwọn tó ti dúdú sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n rù ú lọ sọ́dọ̀ olóko kó lè fojú ara ẹ̀ rí i. Olóko ní òun ti rí i. Ó wá bi Bàbá pé ìgbà wo ni ìdá méjì òun máa dé.

Bàbá padà wálé, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ níwájú ilé, wọ́n jókòó tì í. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo kúrò níléèwé. Èmi àti Tóyìn àti Màmá la wá ń tọ́jú oko náà.

Mùjídàt ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá gáréèjì ní Ìdànrè. Ó máa ń bá èèyàn ṣáájì fóònù, ó máa ń bá wọn kó orin sórí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tá a lọ gba fóònù wa, ó pe Tóyìn.

"Wá gbọ́ nǹkan. Ẹnì kan gbàgbé mẹ́mọ́rì káàdì síbí. Orin inú ẹ̀ ti bàjẹ́, mo fẹ́ pa á rẹ́."

Tóyìn fi íápíìsì sétí. Ó dúró. Ó gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bàjẹ́?"

"Ṣó ò gbọ́ bó ṣe ń ha ni? Ẹni yẹn, ó dà bíi pé wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn."

"Kò bàjẹ́," Tóyìn ní. "Ọ̀bọ ló ń lé."

Mùjídàt rẹ́rìn-ín títí fóònù oníbàárà fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Kò sórúkọ lára orin náà, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ti sọ fún mi pé àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan ṣe ní ìlú tó tutù ni, pé mẹ́tàlì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ lónìí ló ti ara ẹ̀ jáde. Wọ́n pe orúkọ ẹgbẹ́ náà. Mo ti gbàgbé ẹ̀. Tóyìn ò mọ èyíkéyìí nínú ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹnì kan wà níbì kan tó ní irú ohùn òun, wọn ò sì sá fún un. Gbogbo ìgbà tá a fi ń fọ́ kòkó lọ́dún yẹn, orin yẹn ló wà létí ẹ̀.

"Ìwọ lo máa lu dúrọ́ọ̀mù," ló sọ fún mi níjọ́ kan.

"Èmi? Ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo mọ̀ lù."

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ni kó o lù. Ṣùgbọ́n kó o máa sáré."

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ra dúrọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n fún wa ní àlòkù. Ojú ọ̀kan ti ya, a fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Orin yẹn ń fẹ́ ẹsẹ̀ méjì lórí dúrọ́ọ̀mù ńlá, ohun tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sì jẹ́ ẹyọ kan. Tóyìn mú bíréèkì ẹsẹ̀ ọ̀kadà kan tó ti bàjẹ́ lọ bá wẹ́dà, ó ní kó bá òun sọ ọ́ di ìkejì. Wẹ́dà bi í pé ṣé dúrọ́ọ̀mù náà ń sáré ni, tó fi nílò bíréèkì. Tóyìn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sáré. Gìtá àlòkù ló rà ní Àkúrẹ́. Sípíkà tá a so ó mọ́ ti fàya, ó ń kùn bíi pọ́ǹpù tá a fi ń fín oògùn. Mo ní kí n wá ẹni tó máa tún un ṣe. Tóyìn ní kí n má dán an wò.

Nílé, àwọn aládùúgbò ò jẹ́ ká gbádùn. Lóko, kò sí iná. Mùjídàt ló mú sítọ́ọ̀ bàbá ẹ̀ wá. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Alhaji àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn á ti lọ kírun, àdúgbò á pa rọ́rọ́. A sún àpò kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́, a to dúrọ́ọ̀mù sáàárín. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Eruku kòkó á wọ imú wa. Mùjídàt á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ẹ̀, á gbé máìkì kọ́ sára àpò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Tóyìn ké níbẹ̀, ó dákẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ibí yìí ò dá èèyàn lóhùn," ló ní. "Ó dáa. Ṣe ni kó máa gbọ́."

Orin kìíní, ti ọdún tí kòkó dúdú ni. Kò kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ síbẹ̀. *Mo ru ú wá, ẹ wò ó. Mo ru ú wá, ẹ wò ó. Ìdá méjì tiyín rèé, ó dúdú.* Ìyẹn náà ló ń sọ títí orin fi parí. Mi ò wojú ẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi ni mò ń wò.

Orin kẹta la wà nígbà tí Alhaji ká wa mọ́. Wọ́n gbàgbé tẹ̀súbáà wọn, wọ́n padà wá mú un, ni wọ́n bá gbọ́ Tóyìn láti ìta. Wọ́n pe awakọ̀ wọn, awakọ̀ yọ àdá. Ìlẹ̀kùn ṣí gbàgà.

"Ta ni wọ́n ń pa níbẹ̀?"

Mùjídàt fò dìde. "Bàbá, kò sẹ́ni tí wọ́n ń pa. Orin ni."

"Orin?" Alhaji wo Tóyìn. "Ìwọ ọmọ Àjàgbé? Ìwọ tí o máa ń kí mi tí n kì í gbọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Tóyìn ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà."

Alhaji yíjú sí awakọ̀. "O rí i báyìí? Kò lóhùn. Níbo ló wá ti rí tẹ̀ẹ̀kan yẹn?"

Wọ́n ní kí Tóyìn tún un ṣe. Ó ṣe é díẹ̀. Awakọ̀ jáde, ó lọ dúró síta. Alhaji ò kúrò níbi tí wọ́n wà.

"Ọ̀rọ̀ wo lò ń sọ níbẹ̀?"

"Kòkó ni, sà. Ọdún tí kòkó dúdú."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n mú tẹ̀súbáà wọn lórí àpò. "Lọ́dún yẹn, díẹ̀ ló kù kí èmi náà ké bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣáà jókòó lórí kòkó mi."

A ń bá a lọ. A ti ṣe é dé orin kẹrin nígbà tí ohùn Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í há, kì í ṣe ti orin o, ti ọ̀rọ̀ sísọ. A rò pé ariwo ló fà á. Ó ń jẹ orógbó, ó ń lá oyin. Ohùn ẹ̀ ò là. A parí orin karùn-ún bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, tó bá ń jẹun, á máa fi ọwọ́ di ọrùn mú. Màmá rí i, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀, ká lọ sí Àkúrẹ́.

Dókítà tan iná sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó ní nǹkan ń hù níbẹ̀, nǹkan náà ò dáa, àwọn máa gé e. Ó bi Tóyìn bóyá ó ń mu sìgá. Kò mu ún rí. Ó bi í iṣẹ́ tó ń ṣe, ó bi í bóyá a máa ń bo imú tá a bá ń fín oògùn kòkó. Nínú ooru yẹn? Dókítà ò sọ pé oògùn náà ló fà á. Ó kàn kọ nǹkan sílẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá gé e," Tóyìn ní, "ohùn mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí yín ná," dókítà ní. Ó fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá.

A wọ mọ́tò, à ń bọ̀ wálé. A ti ń rí àpáta Ìdànrè lọ́ọ̀ọ́kán kí Tóyìn tó lanu.

"Orin mẹ́ta ló kù," ló ní.

Màmá yíjú sí i. "Orin? Orin ló kù?"

"Màmá, tí wọ́n bá gé e tán, n ò ní lè ṣe é mọ́ láé."

"Tí wọn ò bá gé e ńkọ́?"

Àyè wà kí ọjọ́ tí dókítà dá tó pé, àmọ́ kò pọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó ń lé ni pé kó kó orin mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà Mùjídàt kí ohùn ẹ̀ tó lọ. Èmi náà ń lé e. Ó rẹ̀ mí nígbà yẹn, ó ṣì ń rẹ̀ mí.

Àṣìṣe wa wá nìyí. Gbogbo Aládé ló mọ̀ pé Alhaji Súbérù kì í ta kòkó títí ọdún á fi yí. Àwọn tó kù á tà, Alhaji á dúró. Ìyẹn la gbọ́kàn lé. A ò ronú pé nǹkan lè yí padà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, owó kòkó dìde lójijì lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Àwọn tó ń rà á ń ká àwọn àgbẹ̀ mọ́lé láàárọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, a dé sítọ́ọ̀, tírélà ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ló kù, àti ìgbálẹ̀.

Mùjídàt bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi!"

"Ṣé kí n máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ kí n tó ta kòkó mi ni?" Alhaji ní. Nígbà tí wọ́n rí ojú Tóyìn, wọ́n rọ̀. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń lo kòkó náà fún nǹkan kan."

Mo jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù, mo lù ú. Ariwo náà fò lọ bá páànù, ó padà wá bá mi, ó kọlu èyí tí mò ń lù lọ́wọ́. Mo sáré sí i, ó burú sí i. Kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí mò ń lù. Mùjídàt ní ká wá àpò òfìfo, ká fi kọ́ ara ògiri, ká dúró dìgbà tí kòkó míì á wọlé. Tóyìn mi orí pé rárá. Kò ní ìgbà yẹn.

Ó lọ dúró sáàárín sítọ́ọ̀. Ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń tẹ́tí sí i títí ó fi lọ.

"Tófínmi," ló ní. Ohùn ẹ̀ ti dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ewé gbígbẹ nu nǹkan. "Má sáré mọ́. Lù ú lẹ́ẹ̀kan. Dúró dè é. Tó bá padà dé, kó o tó lu òmíràn."

"Á ti falẹ̀ jù."

"Jẹ́ kó falẹ̀."

Bá a ṣe ṣe orin kẹfà nìyẹn, bá a ṣe ṣe ìkeje. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ní apá ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ayé ń kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohùn Tóyìn ti kéré, sítọ́ọ̀ òfìfo sì ń gbé e tóbi. Ká ní àpò wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá ti gbé ìwọ̀nba tó kù mì. Tó bá ké lẹ́ẹ̀kan, á jókòó sílẹ̀, á fi orí ti orúnkún. Mùjídàt á gbé omi fún un. Èmi á yíjú sógiri.

Ọjọ́ tí dókítà dá pé. Tóyìn pe ilé ìwòsàn, ó ní òun máa wá lọ́sẹ̀ kejì. Kò sọ fún Màmá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Màmá ni wọ́n kọ síbẹ̀, ni ilé ìwòsàn bá pè wọ́n pé kí ló dé. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Ibi tí Màmá ti ń já kòkó ni wọ́n ti gun ọ̀kadà wá sí Aládé, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Orin kẹjọ la wà. Ìyẹn ni ìkẹyìn. Tóyìn ò lè ké mọ́ rárá. Èémí ló ń jáde, àti nǹkan kékeré kan lábẹ́ ẹ̀, nǹkan náà ń rìn yí ògiri ká. Mò ń lù ú lẹ́ẹ̀kan, mò ń dúró. Mo rí i tí ìlẹ̀kùn ṣí. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Tóyìn rí wọn. Kò dákẹ́. Màmá ò pariwo. Wọ́n jẹ́ kó ṣe é díẹ̀. Wọn ò gbọ́ orin yẹn rí, ariwo wa nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ nípa ẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn.

"Tóyìn," ni wọ́n ní. "Ó tó. Wá, jẹ́ ká lọ."

Ọ̀rọ̀ wọn gba gbogbo sítọ́ọ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Tóyìn gbé ẹnu kúrò lára máìkì. Mo gbé igi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀. Orin náà ò tíì parí, ẹsẹ kan ṣì kù tó ti kọ́ mi. Mùjídàt wò mí, ó wo Tóyìn.

"Ó ku ẹsẹ kan," ló ní jẹ́jẹ́. "Tàbí kí n gé Màmá kúrò, kẹ́ ẹ tún un bẹ̀rẹ̀?"

Tóyìn sún mọ́ ọn kó lè gbọ́.

"Má gé wọn. Àwọn ló parí ẹ̀."

Ó bá Màmá lọ. Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Èmi àti Mùjídàt dúró, à ń tú dúrọ́ọ̀mù.

Wọ́n gé e. Wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn, ibẹ̀ ló ti ń mí. Dókítà sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé ká ní ó tètè wá ni, bóyá. Ó tún ní bóyá kò ní yàtọ̀. Mi ò mọ èwo ni kí n mú nínú méjèèjì. Mi ò tíì sọ ọ́ fún Màmá.

Mùjídàt to àwo náà pọ̀, ó gbé e wá sí ilé ìwòsàn lórí fóònù ẹ̀. Ọ̀sán ni. Màmá ń fún omi ọsàn fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Tóyìn fi íápíìsì sétí méjèèjì, ó dijú. Kò fara balẹ̀ gbọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó lajú, ó yọ ọ̀kan kúrò létí, ó nà án sí Màmá.

"Èmi?" Màmá ní. "Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

Ó ṣì nà án sí wọn. Màmá nu ọwọ́ wọn lára ìró, wọ́n gbà á, wọ́n fi sétí. Tóyìn dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé orí sún mọ́ra nítorí wáyà ò gùn. Màmá fajú ro, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀.

"Èwo ni tìẹ níbẹ̀?" ni wọ́n bi í.

Tóyìn gbé ìka sókè.

"Ìyẹn? Ìyẹn tó ń bú ramúramù yẹn?"

Ó sọ ìka kalẹ̀ nígbà tí dúrọ́ọ̀mù nìkan ń lọ. Nígbà tí ohùn ẹ̀ padà dé, ó tún gbé e sókè. Bí wọ́n ṣe gbọ́ gbogbo ẹ̀ nìyẹn, orin mẹ́jọ, òun ń gbé ìka sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, Màmá ń wo ìka náà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbi tí mo dúró. Mùjídàt ti jáde síta. Nígbà tó yá, Màmá ò béèrè mọ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń mi orí kí ìka ẹ̀ tó gòkè.

Nígbà tó dé òpin, Tóyìn ò gbé ìka sókè. Ó nà án sí Màmá.

"Èmi rèé?" ni wọ́n ní.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá yọ ọ́ létí. Wọ́n ká wáyà náà jọ dáadáa, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Wọ́n ní omi ti tán nínú fúláàsì, kí n dúró tì í, kí àwọn lọ bù ú. Kí wọ́n tó padà dé, Tóyìn ti sùn.